Ojú Ọ̀tún Vernal Hruska

Ogun ló gba ojú òsì Vernal Hruska, ìjọba Amẹ́ríkà ò sì bá a jiyàn lórí ìyẹn. Ojú ọ̀tún ló di wàhálà. Ilé ìwòsàn ìjọba fún àwọn ológun-fẹ̀yìntì ló ní àwọn fẹ́ yọ ohun funfun tó bo ẹyinjú rẹ̀. Wọ́n yọ ọ́ lóòótọ́, ìmọ́lẹ̀ sì bá a lọ. Ìjọba wá ní kó mú ẹ̀rí wá pé ọ̀bẹ àwọn ló jẹ̀bi, kì í ṣe ọjọ́ ogbó. Ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé, tí wọ́n fà lọ́wọ́ jáde, ni wọ́n ń béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀.

Vernal ò tiẹ̀ wá owó. Ohun tó ń fẹ́ ò ju kí ẹnì kan nínú wọn la ẹnu sọ pé, "Àwa la bà á jẹ́."

Merle Tjaden, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tó ń bá àwọn ológun-fẹ̀yìntì wá ẹ̀tọ́ wọn, kìlọ̀ fún un.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ bú ẹnikẹ́ni o. Ìjọba máa ní kí dókítà kan yẹ̀ yín wò, kó sọ bóyá ọ̀bẹ wọn ló jẹ̀bi. Ohun tó bá ti sọ, ó parí nìyẹn."

"Ṣé kí n wá kí i kú iṣẹ́ ni?"

"Ẹ kí i káàárọ̀. Ìyẹn náà tó."

Ó pẹ́ kí ìjọba tó rí dókítà ojú tó máa ṣe àyẹ̀wò náà. Ní Nebraska yìí, màlúù pọ̀ ju dókítà lọ.

Nígbà tó yá, Arlys ìyàwó rẹ̀ wa ọkọ̀ gbé e lọ fún àyẹ̀wò náà. Nọ́ọ̀sì dá obìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá nìkan ló ń wọlé, mà."

"Èmi lojú ẹ̀ báyìí!"

"Òfin ni, mà."

Arlys pòṣé, ó jókòó. Ó ti múra ohun tó fẹ́ sọ sílẹ̀. Vernal ò gbọ́ ohùn ẹni tó gé ojú rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ yẹn, àwọn nọ́ọ̀sì ló bá a sọ̀rọ̀ títí oorun fi gbé e lọ. Nígbà tí iṣẹ́ abẹ parí, Arlys ni dókítà tó ṣe é wá bá, tó ní, "Ojú ọkọ yín ti dáa, ẹ lọ wá kọfí mu."

Tẹ̀ríntẹ̀rín ni Vernal jáde.

"Arlys, èèyàn gidi! Mi ò tíì ṣàlàyé débì kankan tó ti mọ gbogbo ẹ̀."

"Ó ka fáìlì ẹ nìyẹn. A dúpẹ́ o, dókítà kan mọ̀wé kà níbí!"

"Ó rọra di orí mi mú bí ẹni di ẹyin mú. Ó ní, 'Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá.' Ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n."

"Ṣé ó gbà pé àwọn ló jẹ̀bi?"

"Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, òun máa kọ ọ́ bó ṣe yẹ."

Omi lé ròrò sójú Arlys. Inú rẹ̀ ò dùn tó báyìí láti ọjọ́ tí ojú náà ti lọ. Ó ní kí Vernal dúró díẹ̀, òun fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọlúàbí náà.

Ilẹ̀kùn ṣí, dókítà náà yọrí síta láti pe ẹni tó kàn, Arlys sì dá ojú rẹ̀ mọ̀: ọkùnrin tó gé ojú ọkọ rẹ̀ ni ìjọba ní kó wá sọ bóyá ó gé e dáa.