Àgbá Omi Ẹ̀yìnkùlé Mo-Ti-Mọ̀

Mo-Ti-Mọ̀ ni wọ́n ń pe aránbàtà kan, torí kò sí ìmọ̀ràn tí wọn yóò gbà á tí kò ní sọ pé òun ti mọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dáńtọ́ nídìí iṣẹ́, àmọ́ etí rẹ̀ kì í gbọ́ràn.

Ẹ̀yìnkùlé ló gbé àgbá mẹ́ta tó fi ń rẹ awọ sí. Omi wọn dúdú, ó ń rùn, tanwíji sì kún inú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀sì tó ń pín oògùn láti ojúlé dé ojúlé dúró tì wọ́n.

"Bàbá, ẹ da omi yìí nù, tàbí kí ẹ dé e. Ẹ̀fọn inú rẹ̀ lè kó jàbùtẹ́, àrùn tó ń mú ẹsẹ̀ wú, ràn yín."

"Mo ti mọ̀. Omi tó mọ́ ni ẹ̀fọn burúkú ń yé sí. Omi tèmi dọ̀tí."

"Ẹ̀fọn ibà lẹ ń wí. Oríṣiríṣi ni wọ́n. Òmíràn wà tó jẹ́ omi ìdọ̀tí ló fẹ́. Tó bá mu ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní kòkòrò jàbùtẹ́, á gbé e fún ẹlòmíràn."

Nọ́ọ̀sì fún bàbá ní oògùn tó ń dènà rẹ̀, tòun ti ti ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́fà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Kí nọ́ọ̀sì tó dé ojúlé kejì, bàbá ti da oògùn náà sí ààtàn. Ọdọọdún ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, ṣùgbọ́n ti ara rẹ̀ nìkan ló tó o.

Ọmọ náà di olùkọ́. Nígbà tó di ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ibà bẹ̀rẹ̀ sí í dá a gúnlẹ̀, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sì ń wú. Bàbá ní iṣan ló fà. Ọdún méjì gbáko ló fi sọ bẹ́ẹ̀. Àìtètèmólè, olè ń mólóko.

"Oògùn á pa kòkòrò tó kù," ni nọ́ọ̀sì wí nígbà tí bàbá gbé e dé ilé ìwòsàn níkẹyìn, "ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yìí ò ní rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ máa fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, kó má baà burú sí i."

Ọjọ́ yẹn ni bàbá da omi àgbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nù. Ọmọ rẹ̀ kò lọ sí iṣẹ́ mọ́, torí àwọn ọmọ kíláàsì ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàbá rán bàtà kan fún un, ẹsẹ̀ náà kò wọ inú rẹ̀. Ó rán òmíràn, òun náà fún un lẹ́sẹ̀. Nígbà tó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kẹta, ọmọ gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Bàbá mi, ẹ má rán an mọ́. Ẹ bá mi fọ ẹsẹ̀ náà."

Bàbá bu omi, ó fọ̀ ọ́, ó sì nu àárín ọmọ ìka kọ̀ọ̀kan gbẹ. Omijé rẹ̀ ń kán sínú abọ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má fojú kéré omi tó dákẹ́, ì báà mọ́, ì báà dọ̀tí, torí ẹ̀fọn kọ̀ọ̀kan ló ní ibùgbé tirẹ̀. Ẹ lo oògùn tí wọ́n bá fún yín. Ẹni tó kọ etí dídi sí ìkìlọ̀ lè má nìkan jìyà rẹ̀. Ọmọ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ lè bá a pín in.