Ìwé Níwájú Atẹdùùrù

Láti ìgbà tí Kíkẹ́lọmọ, olùkọ́ kan láti Ìyìn, ti ń tẹ dùùrù láìwo ìwé ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Òkè-Ìlá, oorun kò kun Ọláoyè dáadáa mọ́. Òun ni atẹdùùrù ìjọ náà láti ọdún pípẹ́. Kò sí ìsìn tí ìwé orin kì í wà ní ṣíṣí níwájú rẹ̀. Bí orin bá jẹ́ tuntun, á ní kí àwọn akọrin kọ́kọ́ kọ ọ́, kí òun gbọ́ ohùn wọn ná.

Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin náà ni àwọn akọrin ń rọ́ lọ báyìí.

"Ẹ ò rí i bó ṣe dijú!" Ilésanmí, ọ̀kan nínú àwọn akọrin, pariwo. "Bàbá Ọláoyè, ẹ̀yin náà ẹ pa ìwé yẹn dé lọ́jọ́ kan, ká wò ó!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọláoyè kò rẹ́rìn-ín.

Nílé, Adéfúnkẹ́ ìyàwó rẹ̀, tí òun náà jẹ́ akọrin, ń kọ orin Ìkórè bó ti ń rẹ́ ilá.

"Tún un kọ," ni Ọláoyè wí.

"Ẹ̀ẹ̀kan sí i, Bàbá Pẹ̀lúmi? Ṣé ó dùn tó bẹ́ẹ̀ ni?"

"Ṣáà tún un kọ."

Nígbà tó gbọ́ pé ìgbìmọ̀ ìjọ fẹ́ gbé àga òun fún Kíkẹ́lọmọ pátápátá, kò lè jẹun. Ó gba ilé Fíkà, àlùfáà ìjọ wọn, lọ.

"Fíkà, sà, ṣé ohun téèyàn kàn gbọ́ létí la ó wá máa tẹ̀ fún Ọlọ́run? Ẹ jẹ́ kó di òfin: ẹni tí kò bá lè ka àmì orin kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan dùùrù."

Fíkà ronú díẹ̀. "Ọ̀rọ̀ yín tọ̀nà, sà."

Ní ọjọ́ Sátidé, Fíkà ka òfin náà sí etígbọ̀ọ́ gbogbo akọrin. Kíkẹ́lọmọ dìde.

"Mi ò lè kà á, sà. Etí ni mo fi ń kọ́ ọ. Ẹ má bínú."

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ jókòó lẹ́yìn. Ojú Ọláoyè ń dán.

"Bàbá ti borí!" Ilésanmí fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé a ṣe ojúsàájú," ni Fíkà wí. Ó fa bébà orin kan yọ, èyí tí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ kò gbọ́ rí, ó gbé e ka iwájú dùùrù. "Bàbá, ẹ tẹ̀ ẹ́ fún wa."

Ọláoyè na ọwọ́ méjèèjì sórí dùùrù, ó tẹjú mọ́ àwọn àmì tí òun náà kò lè ka ẹyọ kan nínú wọn láti ọjọ́ tó ti jókòó sórí àga yẹn.