Ààyè Ṣí Sílẹ̀ fún Àbúrò Lorna

Fóònù Lorna ń dún níwájú ilé rẹ̀ ní Yuendumu, ìlú kékeré àwọn ọmọ onílẹ̀ ní Australia, níbi tó ti ń yan búrẹ́dì nínú eérú gbígbóná.

Ilé ìtọ́jú kan nílùú ńlá ló ń pè é.

"Ẹ kú oríire o, mà! Ààyè ti ṣí sílẹ̀!"

Bronwyn nìyẹn, akọ̀wé tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Melbourne. Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

Láti ìgbà òtútù ni Lorna ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá oníṣègùn tí yóò máa bá àbúrò rẹ̀ ọkùnrin sọ̀rọ̀, nítorí àìsàn ọpọlọ tó máa ń gbé e fò lónìí, tí á sì tẹ̀ ẹ́ rì lọ́la.

Gbogbo ibi tó pè ló ní àwọn ti kún.

"Ọjọ́bọ̀ ni dókítà máa rí i," ni Bronwyn wí, ó sì pe orúkọ àbúrò náà ketekete.

Lorna yára dá a dúró.

"Jọ̀ọ́, ọmọ mi, má pe orúkọ yẹn mọ́."

"Háà, ẹ má bínú, mà. Ṣé ó ti yí orúkọ padà ni? Kí ni kí n kọ?"

"Kumanjayi."

"Orúkọ yìí mà dùn o! Ẹ sọ fún Kumanjayi pé kó má pẹ́ dé."

Kí Lorna tó ṣàlàyé, Bronwyn ti pa fóònù.

Ní òdìkejì títì, ìyàwó kan ń pariwo pe ọkọ rẹ̀: "Kumanjayi! Tíì rẹ ti ń tutù o, ọ̀lẹ!"

Orúkọ kan náà ni ọkùnrin yẹn àti àbúrò Lorna ń jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Àmọ́ ẹnikẹ́ni kì í pe orúkọ òkú ní Yuendumu. Láti ọjọ́ ìsìnkú àbúrò Lorna, Kumanjayi ni wọ́n ń pe àwọn méjèèjì.

Ọkùnrin náà dáhùn.

Òun nìkan ló kù tó lè dáhùn.