Ọ̀nà Abẹ́ Ilẹ̀ Tí Òkété Ní Kí Wọ́n Fẹ̀

Àlọ́ mi rá pálá, kò bọ́ sórí igi, abẹ́ ilẹ̀ ló gbà lọ.

Òkété ni ọba àwọn eku abẹ́ ilẹ̀. Ọ̀nà tí àwọn baba wọn gbẹ́ ti gbó, òrùlé rẹ̀ ń ya lulẹ̀, erùpẹ̀ sì ti bo ọmọ Ẹmọ́ mọ́lẹ̀. Gbogbo eku wá bẹ ọba pé kó tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ikùn Òkété ti yọ síwájú, ó ń há sójú ọ̀nà. Ó ní, “Òrùlé kọ́ ni wàhálà wa. Ọ̀nà yìí ló há jù. Ẹ fẹ̀ ẹ́.”

Ẹmọ́ ní, “Kábíyèsí, ṣé àwọn baba wa ò lè gbẹ́ ọ̀nà tó fẹ̀ ni?”

“Ayé ti lajú,” ni ọba wí.

Ni wọ́n bá ń gbẹ́ ẹ, wọ́n ń kọrin:

Ẹ gbẹ́ ẹ kó fẹ̀ o,
Gbàgàdà.
Kí ọba lè kọjá,
Gbàgàdà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n parí rẹ̀, Òkété ṣíwájú, gbogbo ìlú tẹ̀lé e. Ó dá orin, wọ́n gbè é. Àmọ́ ohùn kan ń gbè é láti iwájú pẹ̀lú. Òkété rò pé ohùn àwọn ló ń padà. Ó tún dá a. Gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn ti dákẹ́, wọ́n la ẹnu sílẹ̀. Ohùn iwájú nìkan ló dáhùn: “Gbàgàdà.”

Òjòlá, ejò tí í gbé eku mì, ló nà gbọọrọ sójú ọ̀nà tuntun.

“Ẹ kú iṣẹ́ o,” ló wí. “Láti ayé àwọn baba yín ni mo ti ń ti orí bọ ẹnu ọ̀nà yìí, tí kò gbà mí.”

Ibẹ̀ ni mo ti sá kúrò, n kò lè wo ìyókù. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fẹ ọ̀nà, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí híhá rẹ̀ ń dá dúró.