Etí Tí Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Dí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àtàǹpàkò ti ìtàn yìí kọjá. Ẹ kà á débi tó parí sí. Ìwọ tí fóònù wà lọ́wọ́ rẹ báyìí gan-an ni mò ń bá wí.

1.
Onídìrí kan wà tí wọ́n ń pè ní Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, torí bó bá ń ya irun, bí ẹni tó ń wẹ ọmọ tuntun ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ: àga mẹ́ta, dígí gígùn kan, ọpọ́n ìfọrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Kò sí aago lára ògiri. Bó bá fi rílásà, ìpara tó ń mú irun rọ̀, sí èèyàn lórí, kì í ka ìṣẹ́jú. Ẹnu oníbàárà ni aago rẹ̀.

"Tó bá ti ń ta yín, ẹ sọ fún mi," ló máa ń wí. "Bó bá ti ta, ó ti tó." Kíá, á ti fomi ṣàn án dànù.

Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ṣe é bẹ́ẹ̀, kò jó ẹnikẹ́ni lórí rí.

2.
Fídíò kéékèèké orí fóònù ló dé. Ẹnì kan ń jó, ẹnì kan ṣubú, ológbò kan ń bá dígí jà. Ó ń wo méjì kí oníbàárà tó dé. Kò burú. Nígbà tó yá, ó ń wò ó bó ti ń dirun lọ́wọ́. Ó ń wò ó nídìí oúnjẹ, ó ń wò ó nínú balùwẹ̀. Bó bá gbé fóònù jìnnà sí ara rẹ̀, ọwọ́ á máa yún un.

"Ọ̀kan péré sí i," ni yóò wí. Àmọ́ fídíò náà kò lópin. Ẹ gbọ́ o, kì í ṣe èèṣì ni kò fi lópin. Àwọn tó ṣe é ló mọ̀ọ́mọ̀ yọ òpin rẹ̀ kúrò, torí ojú wa ni wọ́n ń tà jẹun.

Màmá Tíṣà, olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, ni oníbàárà tó kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀.

"Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀, orí mi lò ń dì ni àbí ti ológbò yẹn?"

"Ẹ má bínú, mà. Ọwọ́ mi ṣáà wà lórí yín."

"Ọwọ́ rẹ wà lórí mi, ọkàn rẹ ńkọ́? Ariwo yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dí mi létí. Ìwọ lo ni fóònù ni, àbí fóònù ló ni ọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ẹ wá wo ohun tó ṣe. Kò pa fóònù. Ó lọ ra íápíìsì, ó kì í bọ etí méjèèjì.

"Ariwo ti tán, Màmá," ló wí, inú rẹ̀ sì dùn sí ọgbọ́n ara rẹ̀.

Lóòótọ́, ariwo tán. Àmọ́ obìnrin tó jẹ́ pé ẹnu èèyàn ni aago rẹ̀ ti dí etí.

3.
Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tí irun rẹ̀ dí bí igbó. Ó ti pẹ́ tí ọmọ náà ti ń bẹ̀bẹ̀ fún rílásà. Lọ́sàn-án Sátidé kan, ìyá gbà.

"Màámi, ẹ jẹ́ kó rọ̀ bíi ti àwọn ẹgbẹ́ mi o."

"Jókòó dáadáa jàre. Wo orí bíi ti kìnnìún!"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ìyá fi rílásà pa irun náà láti iwájú dé ìpàkọ́, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ kúrò lọ́wọ́, ó jókòó sórí àga kejì, ó sì ki íápíìsì bọ etí. Ọ̀kan péré.

"Màámi, ó ti ń ta mí."

Ìyá kò gbọ́. Àtàǹpàkò rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń lọ sókè.

"Màámi, ó ń ta mí gan-an o."

Ìyá gbójú sókè, ó rí i nínú dígí pé ẹnu ọmọ rẹ̀ ń mì. Ó rò pé orin ló ń kọ. Ó rẹ́rìn-ín sí i, ó mi orí sókè sódò, bí ẹni tó ń wí pé ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ọmọ rí i. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí jù ládùúgbò ló ní kó dúró. Ta ni òun tí òun á fi jiyàn? Ṣé ọmọ onídìrí ló tún máa sunkún lábẹ́ ọwọ́ ìyá rẹ̀? Ó di apá àga mú, ó dijú, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

Màmá Tíṣà ló wọlé bá wọn. Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó fa íápíìsì yọ létí ìyá.

"Kí lò ń wò? Ọmọ rẹ ń jóná!"

Nígbà tí omi kan orí ọmọ náà, kì í ṣe irun nìkan ló bá omi lọ.

4.
"Ìṣẹ́jú mélòó ni rílásà náà lò lórí rẹ̀?" Nọ́ọ̀sì ló ń béèrè nílé ìwòsàn.

"Kò pẹ́... mi ò mọ̀, mà."

Egbò náà jinná lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣùgbọ́n láti iwájú orí dé àárín, irun kò hù mọ́. Àwọn oníbàárà fẹsẹ̀ fẹ́ẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ mọ́. Ọmọ náà ní ọ̀dọ̀ ìyá àgbà lòun ń lọ gbé.

Lọ́jọ́ tó ń kó ẹrù, ìyá dì í mú. "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Mo sọ, Màámi. Ẹ wò mí nínú dígí, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní kí n dúró. Mo rò pé ẹ gbọ́."

Ìyá la ẹnu láti bẹ̀ ẹ́. Fóònù dún lápò rẹ̀. Kó tó mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti wọ àpò.

Ọmọ wo ọwọ́ náà. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ kà á débí, mo kìlọ̀ fún yín. Àwọn tó ń ta ojú wa kò ní bá ọ dúró níwájú nọ́ọ̀sì. Wọn ò ní bá ọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ rẹ. Ìwọ nìkan ni ọ̀rọ̀ máa kù sí lọ́wọ́. Ta ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ tí o ń mi orí sí lásán? Fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹnì kan péré, kí o sì gbé nǹkan yẹn sílẹ̀ báyìí, kó tó di pé o ò lè gbé e sílẹ̀ mọ́.

Àìtètè mú olè, olè á mú olóko.