Ẹ̀rọ Ìdí Tísà

Ọdún kejì rèé tí rírẹ̀ ti so Tísà mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò sí àyẹ̀wò tí wọn ò ṣe, wọn ò sì rí nǹkan kan. Bó bá fọ abọ́ méjì lónìí, ó di ọ̀tunla kó tó tún lè dìde. Ìgbà tó yá, ọ́fíìsì ìtọ́jú àdúgbò ní kí Nọ́ọ̀sì máa lọ bá a nílé ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, kó máa fi ọ̀rọ̀ sísọ wò ó, fún ọ̀sẹ̀ méjìlá.

Nọ́ọ̀sì mọ iṣẹ́ ẹ̀ dunjú, kì í sì í fi àkókò ṣòfò. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló ti yọ ẹ̀rọ kékeré kan jáde nínú báàgì, kò ju bọ́tìnnì kóòtù lọ.

"Ìdí lẹ ó máa so ó mọ́, Tísà, látàárọ̀ dalẹ́. Gbogbo ìṣísẹ̀ yín ló máa kà. Ẹ̀rù ìrìn ló ń bà yín, ẹ̀yin àtèmi la sì jọ máa lé e lọ."

"Kì í ṣe ẹ̀rù, Nọ́ọ̀sì. Ó ń rẹ̀ mí ni."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rọ bá sọ lèmi máa kọ sílẹ̀."

Màmá Tísà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, síbẹ̀ òun ló ń pọnmi, òun ló ń dáná, òun náà ló ń fọṣọ.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, igba ìṣísẹ̀ lójúmọ́ ni ẹ̀rọ ṣì ń kà. Nọ́ọ̀sì pa ìwé ẹ̀ dé.

"Mi ò ní tàn yín. Tí nọ́ńbà yìí ò bá gòkè, wọ́n á yọ orúkọ yín kúrò, wọ́n á kọ ọ́ pé ẹ ò fẹ́ gbàtọ́jú. Ìwé yẹn ni wọ́n máa fi ránṣẹ́ síléèwé yín."

Kò sẹ́ni tí ò mọ ohun tí iléèwé máa fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe. Tísà mìíràn ti wà ní kíláàsì ẹ̀, tó ń dúró kí wọ́n gbà á pátápátá. Iṣẹ́ yìí nìkan ló sì ń bọ́ ìyá àtọmọ.

"Á gòkè," ni Màmá sọ fún Nọ́ọ̀sì láti ẹnu ọ̀nà. "Ṣáà máa bọ̀, ọmọ mi."

Ó sì gòkè lóòótọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹgbẹ̀rún kan. Ọ̀sẹ̀ kẹfà, ẹgbẹ̀rún méjì. Bó ṣe ń gòkè ni Nọ́ọ̀sì ń fi kún iye tó ní kí Tísà máa rìn. Lọ́jọ́ kan, ó rí bàtà ìrìn tó ní kí wọ́n rà, ó wà lábẹ́ àga, ó ṣì funfun báláú.

"Ẹ mà mọ nǹkan tọ́jú o, Tísà!"

Nọ́ọ̀sì nìkan ló rẹ́rìn-ín.

Lọ́sẹ̀ kẹsàn-án, ẹsẹ̀ Màmá wú gan-an.

"Màmá, kí ló ṣe ẹsẹ̀ yín?"

"Ẹsẹ̀ tó ti gbé mi fún àádọ́rin ọdún, ṣé kò yẹ kó sanra ni?"

"Ẹ fìdí mọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí Tísà máa ṣiṣẹ́ ilé. Ẹni tó ń rin ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lójúmọ́, kí ló dé tó ń wo màmá ẹ níran?"

Omi lé ròrò sójú Tísà. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀rọ̀ òun ti ń wọ̀ ọ́ lára.

Òjò rọ̀ ní gbogbo àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tó kẹ́yìn. Láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ títí di márùn-ún, Tísà jókòó sórí àga níwájú Nọ́ọ̀sì. Màmá gbé omi wá fún wọn, ó lọ ká aṣọ tí òjò pa lórí okùn, ó lọ ti géètì, ó padà wá kó ife. Nọ́ọ̀sì fọwọ́ sí ìwé pé ara Tísà ti yá, kó wọṣẹ́ ní Mọ́ńdè.

"Ó ṣì ń rẹ̀ mí, Nọ́ọ̀sì. Ẹ jọ̀ọ́."

"Ìrònú àtijọ́ nìyẹn, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ̀rọ mi dà?"

Tísà la ẹnu, Màmá sì tètè gbà á sọ. "Mo ti bá a tú u sílẹ̀. Ó wà ní yàrá, mò ń mú un bọ̀."

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde. Nígbà tó fi ẹ̀rọ náà sí àtẹ́lẹwọ́ Nọ́ọ̀sì, ó lọ́ wọ́ọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì jù ú sí báàgì, ó sì gba ilé ọ̀gá iléèwé kọjá láti fún un ní ìwé náà.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, nígbà tí Tísà ti wà lórí ìdúró níwájú kíláàsì, Nọ́ọ̀sì so ẹ̀rọ náà mọ́ kọ̀ǹpútà láti da iye ìṣísẹ̀ wákàtí kọ̀ọ̀kan kọ, ó sì rí i pé láti aago mẹ́rin sí márùn-ún ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tí Tísà ò dìde lẹ́ẹ̀kan lórí àga níwájú òun, ẹ̀rọ náà ka irinwó ìṣísẹ̀ ó lé méjìlá.