Iyọ̀ Inú Ẹ̀rọ

Ẹ̀rọ tí Adéwùsì ń ṣọ́ lẹ́yìn ilé iṣẹ́ símẹ́ńtì máa ń fa afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù inú èéfín, irú èyí tí ènìyàn ń mí síta, á sì fi iná mànàmáná sọ ọ́ di ásíìdì tí wọ́n fi ń mú oje rọ́bà dì. Bó ti ń ṣiṣẹ́, iyọ̀ funfun á máa dí i lọ́fun. Kò gbà ju kí a fi omi mímọ́ ṣàn án ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà.

"Kí èmi ẹnjiníà máa fọ abọ́?" ni Adéwùsì ń wí. Ọjọ́ kẹta rèé tí kò ṣàn án. Bí ọ̀gá bá dé láàárọ̀ tó bá ásíìdì tó dín kù, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn.

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tó gbọ́ mímí fín-ín-fín lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá arúgbó kan dúró nínú yàrá ẹ̀rọ, níwájú ilẹ̀kùn tí Adéwùsì fúnra rẹ̀ ti tì pa.

"Bàbá, ibí kì í ṣe ilé alágbe. Ẹ bá ẹsẹ̀ yín sọ̀rọ̀!"

Bàbá náà ṣáà ń mí. Adéwùsì wo mítà ara ògiri tó ń ka afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù inú yàrá. Bí ènìyàn bá wọlé, gígòkè ló máa ń gòkè. Ṣùgbọ́n ńṣe ló ń já wálẹ̀ báyìí.

"Ta... ta lẹ jẹ́, sà?"

Bàbá náà wò ó bí ẹni wo ìdọ̀tí. Ó wúkọ́ sọ́wọ́. Iyọ̀ funfun kún àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ń dà sílẹ̀.

"Ẹnjiníà," ó ní, "omi dà?"